Adìyẹ Tó Kú Lójú Ọ̀nà, Ta Ni Yóò San Án?

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ní oṣù tó kọjá, ọ̀gá kan yọ lára owó oṣù arákùnrin wa kan tó ń wa lọ́rì, nítorí pé adìyẹ 43 kú lẹ́yìn ọkọ̀ kó tó dé oko tuntun tó ń kó wọn lọ. A jókòó lé ọ̀rọ̀ náà ní ìpàdé ẹ̀ka. Lójú tiwa, ìyà yìí kò tọ́ sí awakọ̀.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Àwọn adìyẹ náà kù díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yé ẹyin. Láti ẹ̀yìn Ìbàdàn ni ọkọ̀ ti gbéra, ó ń lọ sí apá Ẹpẹ. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni arákùnrin wa ti dé síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé ẹrù kò dé títí aago mẹ́wàá fi kọjá. Kéréètì kò tó, ọ̀gá ní kí wọ́n há wọn mọ́ra. Wọ́n tún fi tapólì bo gbogbo rẹ̀ pátápátá, bí ẹni bo sìmẹ́ńtì nígbà òjò. Nígbà tí ọkọ̀ dé ojú ọ̀nà márosẹ̀, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ dá a dúró fún wákàtí méjì nínú oòrùn ọ̀sán. Ibẹ̀ ni ikú ti wọlé.

Adìyẹ kì í làágùn. Ẹnu ló ń là, tí yóò máa mí gúlegúle, kí ooru lè jáde lára rẹ̀. Ara rẹ̀ sì gbóná ju tiwa lọ: ó tó 41 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, tiwa kò ju 37 lọ. Bí ọkọ̀ bá ń lọ, afẹ́fẹ́ ń gba àárín kéréètì kọjá. Bó bá dúró, inú rẹ̀ di ààrò.

A kò ní tan ara wa jẹ o. Àwọn kan wà láàárín wa tó ń páàkì sínú oòrùn láti lọ jẹ ẹ̀bà. Àwọn ọmọ ọkọ̀ kan sì ń gbá adìyẹ mú ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, tí wọ́n ń ju kéréètì bí ẹni ju iṣu. Kí wọ́n jáwọ́.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ awakọ̀ kọ́ ni ìyókù wà. Kí ọkọ̀ gbéra ní ìdájí. A kò sọ pé òru, a mọ ohun tó wà lọ́nà lóru. Kí àwọn adìyẹ máa mu omi títí di ìgbà tí a bá ń kó wọn, kí a sì ti gbé oúnjẹ kúrò níwájú wọn ní wákàtí mélòó kan ṣáájú. Kí kéréètì gba adìyẹ láti jókòó, kó sì lè gbé orí sókè. Kí tapólì wà lókè nìkan, kí ẹ̀gbẹ́ ṣí sílẹ̀. Kí a fọ kéréètì lẹ́yìn ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan, nítorí àrùn lúkúlúkú a máa bá ìgbẹ́ gbígbẹ rìn láti oko dé oko. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, kí omi ti wà nínú ilé tuntun náà, kí wọ́n mu ún kí oúnjẹ tó dé.

Pàtàkì jù lọ, kí ìwé ẹrù sọ iye adìyẹ, iye kéréètì àti aago tí ọkọ̀ gbéra. Títí ìyẹn yóò fi rí bẹ́ẹ̀, kí awakọ̀ ẹ̀ka yìí má ṣe fọwọ́ sí ẹrù tí kò fojú ara rẹ̀ rí nígbà tí wọ́n ń dì í. Akọ̀wé wa ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá náà lórí owó tó yọ. A ń retí èsì rẹ̀.