Eku Inú Láàbù Nílò Òfin àti Alábòójútó

Láti Ìlogbò-Èkìtì títí dé Ìjerò, Aràmọkọ àti Ẹ̀fọ̀n, ó ṣòro láti rí àgbàlagbà tí kò mu àgbo ewúro tàbí dóńgóyárò rí. Àmọ́ kí dókítà tó gbà pé ewé kan ń wo ìtọ̀ ṣúgà tàbí ibà, ẹ̀dá kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mu ún, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò. Ní ilẹ̀ wa, ẹ̀dá náà sábà máa ń jẹ́ eku funfun tí wọ́n ń pè ní Wistar, tí ìran rẹ̀ ṣẹ̀ wá láti ilé ìwádìí kan ní Philadelphia ní 1906.

Iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n fi eku ṣe ń jáde láti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì àti Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá ní Adó, àti láti Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọyẹ́. Ọmọ wa ló ń kàwé níbẹ̀. Ìwé ìròyìn yìí kò ní kí wọ́n pa iṣẹ́ náà tì. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí ìtọ́jú àwọn ẹranko wọ̀nyí má ṣe wà lọ́wọ́ àánú oníkálukú mọ́. Kí òfin àti ìgbìmọ̀ máa bójú tó o.

Gbèsè tí ilẹ̀ yìí jẹ ẹranko ìwádìí kì í ṣe kékeré. Ní àwọn ọdún 1920, àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà dá ilé ìwádìí sílẹ̀ ní Yábà, l'Ékòó, láti mọ ohun tó ń fa ibà pọ́njú. Ní 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí, wọ́n sì gún un sára ọ̀bọ tí wọ́n kó wá láti Íńdíà. Ọ̀bọ náà kú. Asibi yè. Dókítà Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà, kó ibà yẹn, ó sì kú l'Ékòó ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà. Kòkòrò tí wọ́n rí lára Asibi ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Max Theiler, fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D ní 1937, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gba káàdì aláwọ̀ ìyeyè kó tó wọ bàálù lọ sí òkèèrè ti jẹ nínú èrè iṣẹ́ yẹn.

Ohun kan wà nínú ìtàn náà tí wọn kì í sábà sọ. Ní 1930, Theiler fi hàn pé èkúté funfun lásán lè kó kòkòrò ọ̀hún. Láti ìgbà náà, kò pọn dandan mọ́ pé kí wọ́n máa fi ọ̀bọ ṣe gbogbo ìdánwò. Ìnáwó dín kù, ọ̀bọ tó ń kú sì dín kù. Abẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀, ẹyin adìyẹ ni wọ́n fi ń ṣe é títí di òní.

Ní 1959, àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, William Russell àti Rex Burch, sọ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ di ìlànà. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ṣé ọ̀nà mìíràn wà tí a kò ní lo ẹranko? Bí kò bá sí, mélòó ló tó? Èyí tí a óò sì lò, kí ni a lè ṣe kí ìrora rẹ̀ má pọ̀?

Ìbéèrè kejì yẹn kan Nàìjíríà gan-an. Ní 1927 tí à ń sọ yìí náà ni J. W. Trevan gbé ọ̀nà kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti fi mọ bí oògùn ṣe lóró tó: wọ́n á máa fún ẹranko lóògùn náà títí wọ́n á fi mọ ìwọ̀n tó ń pa ìdajì nínú wọn. Ẹranko tí èyí ń gbà kò níye. Ní 1983, Lorke ní Jámánì fi hàn pé ẹranko 13 lè tó. Nígbà tó fi máa di òpin 2002, àjọ OECD, tó ń ṣe ìlànà ìdánwò fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ti fagi lé ìlànà àtijọ́, ó sì ti fi àwọn tó ń lo ẹranko díẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Olùkọ́ tó bá ṣì ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ pa eku rẹpẹtẹ kó tó mọ̀ bóyá ewé lóró, ohun tí ayé ti fi sílẹ̀ ló ń kọ́ ọ.

Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ òwe ẹni tó fẹ́ fi igi gún ọmọ ẹyẹ? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kọjá àánú. Ó kan òótọ́ iṣẹ́ náà. Bí ẹ̀rù bá ba eku, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á lọ sókè. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wádìí bóyá ewúro ń dín ṣúgà kù, tó wá já eku gbà nírù kó tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rù ló ń wọ̀n, kì í ṣe ewúro. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ láàbù lágbàáyé ń tẹ̀lé ni pé kí ooru yàrá eku wà láàárín 20 sí 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní oṣù kẹta, lábẹ́ páànù, nígbà tí iná ti lọ, yàrá wo ló máa wà bẹ́ẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣètò fún un? Ìtọ̀ tó bá pẹ́ nínú èérún pákó tí wọ́n tẹ́ sí kéèjì a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ti eku àti ti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀.

Gbogbo àtúnṣe kọ́ ló ń náni lówó. Ní 2010, Jane Hurst àti Rebecca West ní Yunifásítì Liverpool fi hàn pé èkúté tí wọ́n bá fi àtẹ́lẹwọ́ tàbí ọ̀pá oníhò gbé kì í bẹ̀rù ènìyàn tó èyí tí wọ́n bá fi ìrù gbé. Àjẹkù páìpù tí púlọ́ńbà gé sílẹ̀ ti tó fún ìyẹn.

Àwọn kan á ní ènìyàn kò tíì rí jẹ, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ eku. Òótọ́ ni pé nǹkan le. Ṣùgbọ́n owó òbí ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ra eku, èyí tí òùngbẹ bá sì pa kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Láti 2010 ni ìlànà ARRIVE ti wà, tí ọ̀pọ̀ jọ́nà ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń béèrè bí wọ́n ṣe tọ́jú ẹranko kí wọ́n tó tẹ iṣẹ́ ẹni jáde. Ọ̀rọ̀ ìlera ará ìlú náà tún wà níbẹ̀. Eku tí wọ́n bá mú nínú oko tàbí nínú ilé wá fi ṣe ìwádìí lè gbé ibà Lassa, àrùn tí wọ́n mọ̀ dáadáa ní Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tó múlé tì wá. Eku tí wọ́n sì ti gún lábẹ́rẹ́ kẹ́míkà kò gbọ́dọ̀ dé ìdí ìkòkò ọbẹ̀ láé. Iná ni kí wọ́n fi sun ún.

Ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì ńkọ́? Ti ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ní 2022 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, ó sì gbà tó oṣù mẹ́jọ. A lè ti ilẹ̀kùn kíláàsì pa, ṣùgbọ́n eku kò mọ̀ pé ASUU àti ìjọba ń jà. Ó ní láti mu omi lójoojúmọ́.

Òfin wa kò tíì gba àwọn ẹranko inú láàbù sílẹ̀. Abala 495 nínú Criminal Code tí a jogún lọ́wọ́ òyìnbó ka ìwà ìkà sí ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn náírà 50, tàbí méjèèjì. Náírà 50! Kì í ṣe láàbù ni wọ́n sì ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n kọ ọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní òfin lórí ẹranko ìwádìí láti 1876, èyí tí wọ́n sì ṣe ní 1986 ló wà nídìí ìwé àṣẹ tí olùwádìí gbọ́dọ̀ gbà lónìí. Gúúsù Áfíríkà gbé ìlànà orílẹ̀-èdè tirẹ̀ jáde ní 2008. Nítòsí wa, Yunifásítì Ìbàdàn ní ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí tó jẹ mọ́ ẹranko wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ìlànà ilé ìwé kan kò lè de ilé ìwé mìíràn.

Nítorí náà, kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ṣe òfin tó dá dúró fún ẹranko inú láàbù. Kí ìjọba Èkìtì má sì dúró de Àbújá kí ó tó ya owó sọ́tọ̀ fún omi, iná àti owó oṣù àwọn tó ń tọ́jú ẹranko ní yunifásítì rẹ̀. Kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan rí i pé dókítà ẹranko wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ìwádìí, àti ará ìlú kan tí kì í ṣe olùkọ́, tó lè béèrè ìdí tí iṣẹ́ kan fi nílò eku 60 dípò 30. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí iṣẹ́ wọn jọra máa lo ọ̀wọ́ eku ìfiwéra kan náà. Kí àwọn ilé ìwé girama wa pẹ̀lú máa fi fídíò kọ́ ọmọ ní inú ọ̀pọ̀lọ́, kí wọ́n má máa pa á ní gbogbo sáà.

Ohun kan wà tí kò nílò òfin tàbí bọ́jẹ́ẹ̀tì. Kí olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó máa fún eku ní oúnjẹ àti omi lọ́jọ́ Àìkú, lọ́jọ́ ọdún àti nígbà ìyanṣẹ́lódì, kí ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá ẹranko kí ọ̀wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ tó ra eku ẹyọ kan.