Ẹ Jẹ́ Kí A Kọ́ Àwọn Ọ̀dọ́ Wa ní Mantiq

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó fún ọmọnìyàn ní làákàyè. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, nígbà ìsinmi tí ó kọjá, mo bi àwọn ọmọ ilé-kéwú wa ní Kabba léèrè pé: “Gbogbo olè ni í rìn lóru. A rí ọkùnrin kan tí ó ń rìn lóru. Kí ni ẹ wí?” Ohùn kan ni wọ́n fi dáhùn: “Olè ni, Àfáà!” Mo ní: “Ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́ ọjà ńkọ́? Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí, tí ó ń wá ọkọ̀ kiri ńkọ́?” Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu.

Àṣìṣe yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ní oṣù October 2012, ní Aluu ní Ìpínlẹ̀ Rivers, èrò pariwo olè lé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 4 lórí, wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Kò sí ẹni tí ó dúró béèrè ẹ̀rí.

Ìmọ̀ tí a fi ń ya ìrònú tí ó tọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó wọ́ ni à ń pè ní mantiq. Ọ̀pọ̀ wa ni ó mọ Al-Akhdari, ẹni tí ìwé rẹ̀ kọ́ wa ní àlùwàlá àti ìrun. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó mọ̀ pé ọmọ ọdún 21 ni nígbà tí ó kọ As-Sullam lórí mantiq fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ní 941 Híjírà (1534)?

Àwọn kan yóò wí pé ìmọ̀ àwọn ará Gíríìsì ni, pé Ibn as-Salah àti An-Nawawi kọ̀ ọ́. Òótọ́ ni, Al-Akhdari pàápàá kò sì fi ìyapa náà pamọ́. Ohun tí ó yàn ni pé ó tọ́ fún ẹni tí làákàyè rẹ̀ pé, tí ó sì mọ Al-Kùránì àti Súńnà. Ṣáájú rẹ̀, Al-Maghili, tí ó wá sí Kano ní ayé Ọba Muhammadu Rumfa, ti kọ̀wé sí As-Suyuti láti gbèjà ìmọ̀ yìí. Al-Ghazali, tí ó kú ní 1111, sì fi hàn pé òṣùwọ̀n rẹ̀ wà nínú Al-Kùránì. Ẹ wo Ànábì Ibrahim nínú Suratul-An‘ām: òṣùpá a máa wọ̀; Ọlọ́hun kì í wọ̀; nítorí náà, òṣùpá kì í ṣe Ọlọ́hun.

Àwọn baba wa náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní gbogbo aláǹgbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Nítorí náà, mo bẹ gbogbo ilé-kéwú ilẹ̀ Okun, láti Owé dé Bùnú, Ìjùmú àti Yàgbà: ẹ ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ó ti pé ọdún 13. Ẹ fi èdè wa kọ́ wọn pé “àwọn kan” kì í ṣe “gbogbo”, àti pé gbogbo ewúrẹ́ ni ẹran, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹran ni ewúrẹ́. Suratul-Hujurāt, āyah 6, ti pa á láṣẹ pé kí a wádìí ìròyìn kí a má baà ṣe aláìṣẹ̀ ní ibi.

Àwa àfáà náà, bí ọmọ bá bi wá pé, “Kí ni ẹ̀rí yín?”, kí a má ṣe pè é ní àfojúdi. Ọmọ tí kò lè bi wá léèrè kò ní lè bi èrò ọjà tí ó gbé táyà dání.

Kí Ọlọ́hun là wá ní ojú inú. Àmín.