Eruku Ọyẹ́: Ó Yẹ Kí Wọ́n Wádìí Orírun Rẹ̀

Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta ni ọyẹ́ máa ń fẹ́ wọ ilẹ̀ Nàìjíríà láti ìhà àríwá ìlà-oòrùn. Ètè á máa sán, ojú á máa pọ́n, ikọ́ á sì gbòde. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wí ni pé ọyẹ́ ló fà á, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀. Kò yẹ kó parí síbẹ̀, nítorí pé eruku tí ènìyàn ń fà símú ní orírun, orírun náà sì ṣeé wádìí.

Èyí tó pọ̀ nínú eruku ọyẹ́ ń wá láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, láàárín òkè Tibesti àti Ennedi. Ìsàlẹ̀ omi ni ibẹ̀ nígbà tí adágún Chad ṣì fẹ̀ ju ti òde òní lọ fíìfíì. Omi gbẹ, ó fi eèpẹ̀ funfun lẹ́búlẹ́bú sílẹ̀, èyí tí atẹ́gùn tó ń gba àárín òkè méjèèjì kọjá ń gbé wá sí Maiduguri àti Kano, títí dé Ìbàdàn àti Èkó.

Báwo ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ń mọ ibi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti wá? Ọ̀nà kan ni pé kí wọ́n ka ọjọ́ orí hóró òkúta tí wọ́n ń pè ní zircon. Hóró yìí le débi pé omi àti atẹ́gùn kì í tètè pa á run. Nígbà tó bá ń dì, ó máa ń gba uranium sínú, ṣùgbọ́n kì í sábà gba òjé. Uranium náà ń di òjé díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n tí kì í yẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá wọn méjèèjì yóò mọ ìgbà tí hóró náà dì, yóò sì lè fi wé ọjọ́ orí àwọn òkè. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi ṣàlàyé ní 2015 pé odò Yellow River ló kọ́kọ́ gbé púpọ̀ nínú erùpẹ̀ Loess ti China wá láti ìhà Tibet, kí atẹ́gùn tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, hóró tó ṣeé kà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tóbi ju eruku tó ń wọnú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Èyí tó kéré jù, èròjà bíi strontium àti neodymium ni wọ́n fi ń tọpa rẹ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti eruku yìí náà ni àrùn yírùnyírùn máa ń jà ní ìhà àríwá. Nígbà tó jà ní 2017, àwọn tí wọ́n fura sí pé ó mú lé ní 14,000, àwọn tó kú sì lé ní 1,100. Ohun ìwúrí ni pé Nàìjíríà ló kọ́kọ́ lo abẹ́rẹ́ àjẹsára Men5CV lágbàáyé ní 2024. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ yẹn kò ran oníkọ̀ọ́ fée tí eruku ń dí lọ́nà èémí lọ́wọ́.

Kì í sì í ṣe gbogbo eruku ìgbà ọyẹ́ ló ti Chad wá. Òmíràn ti ibi ìfọ́kúta wá, òmíràn ti ojú ọ̀nà tí wọn kò da ọ̀dà sí. Kò sí gómìnà tó lè dá eruku Bodélé dúró. Ti ibi ìfọ́kúta, òfin lè dín in kù. Bí wọn kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹni tó ń fọ́ òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé á máa fi ọyẹ́ ṣe àwáwí. Àjọ NiMet ń kéde ìgbà tí eruku yóò bo ojú ọ̀run, iṣẹ́ tó dára ni. Èyí tó kù ni kí wọ́n máa gba eruku náà jọ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún, kí àwọn yunifásítì yẹ̀ ẹ́ wò, kí èsì rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà àti àwọn tó ń fún àwọn afọ́kúta níwèé àṣẹ.