Ọkọ̀ Háíbírídì Tòkunbọ̀ Lójú Ọ̀nà Eléruku

Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti sọ ọ́ di mímọ̀ lọ́jọ́ ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lórí epo bẹntiróòlù ti dópin, tí lítà epo kan tí iye rẹ̀ kò tó 200 náírà fò sókè di nǹkan bí 500, tí kò sì sinmi títí ó fi kọjá 1000 kí ọdún 2024 tó relé, kò sí ọlọ́kọ̀ kan ní Òkè-Ògùn wa, láti Ìjìó dé Ìwéré-Ilé, láti Ìgànná dé Ṣakí, tí kò tíì fọwọ́ lẹ́rán bi ara rẹ̀ léèrè bóyá kí òun ta ọkọ̀ òun ni àbí kí òun wá òmíràn tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kò gbòòrò tó báyìí. Ọ̀ràn epo kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ di ẹrù lórí àwa tí a múlé ti orílẹ̀-èdè Benin, nítorí pé láti oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni Àjọ Aṣọ́bodè ti pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé epo lọ sí ilé-epo tí ó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnu ààlà, àṣẹ tí ó sọ kẹ́ẹ̀gì di ẹrù tí onímọ́tò kì í gbàgbé sílé.

Inú ìrònú yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wà tí wọ́n fi ń gbúròó ọkọ̀ háíbírídì tòkunbọ̀: Prius, Camry, Highlander, Lexus, àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ti sin olówó wọn fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó fojú kan oòrùn Kútọnu tàbí ti Èkó. N kò wá láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun rírà. Ohun tí mo fẹ́ kí ó yé ẹ̀yin ènìyàn mi ni pé owó epo tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá bá yín dín kù kì í ṣe tiyín nìkan. Bátìrì ńlá tí ó wà lẹ́yìn ìjókòó ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì jẹ ìpín bátìrì mọ́ tirẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí bátìrì yóò béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní iye tí ó lè mú kí olówó ọkọ̀ pa á tì sẹ́yìnkùlé títí koríko yóò fi bò ó.

Ó yẹ kí ẹni tí kò mọ bí ọkọ̀ náà ti ń rìn kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Oṣù kejìlá ọdún 1997 ni ilé-iṣẹ́ Toyota gbé Prius jáde ní Japan. Ọdún 2000 ni ó dé Amẹ́ríkà. Ẹ́ńjìnnì tí ń mu epo àti ẹ̀rọ tí ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́ ni wọ́n jọ ń gbé e rìn, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ni ó sì ń pinnu èyí tí iṣẹ́ kàn. Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tàbí bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, agbára tí ọkọ̀ mìíràn ń sọ di ooru lásán ni eléyìí ń yí padà sí iná tí ó ń kó sínú bátìrì, gẹ́gẹ́ bí ìyálé tí ó mọ ilé í tọ́jú ti ń kó èépo iṣu jọ fún ewúrẹ́ rẹ̀. Bátìrì náà kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Ti Prius ọdún 2004 sí 2009 jẹ́ ẹyọ 28 tí a so kọ́ra, agbára gbogbo wọn lápapọ̀ sì jẹ́ fóòtì 201.6.

Ìjọba Amẹ́ríkà wọn ìrìn Prius ọdún 2008, wọ́n ní máìlì 46 ni ó ń rìn lórí gálọ́ọ̀nù wọn kan, nígbà tí Camry oní-sìlíńdà mẹ́rin ọdún kan náà ń rin 25. Ẹni tí ó gbọ́ èyí lè fẹ́ fò sókè; kí ó rọra. Àárín ìlú ni èrè náà ti pọ̀ jù, níbi tí Prius ti ń rin 48 tí Camry ń rin 21. Lójú ọ̀nà gbọọrọ, Prius ń rin 45, Camry ń rin 31. Ará Ìbàdàn tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ń dá dúró láàárọ̀ lálẹ́ ni ó ń jẹ èrè yìí tán. Ní ti àwa tí ìrìn wa jẹ́ kí a kúrò ní Ìjìó, kí a dé Ìṣẹ́yìn, kí a sì bọ́ sórí títì kìlómítà 65 tí ó lọ sí Mọ́níyà, èrè tiwa wà, ṣùgbọ́n kò tó tiwọn. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kì í sì í jáde àfi lọ́jọ́ ọjà, Camry lásán tó o. Ní tèmi, n kò ní gbà á nímọ̀ràn pé kí ó tọrùn bọ ọ̀ràn bátìrì.

Ẹni tí ó bá ti pinnu pé òun yóò ra á, kí ó rántí pé gbogbo aláǹgbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Nígbà tí ìjì Harvey jà ní Houston ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, ọ̀kẹ́ àìmọye ọkọ̀ ni omi bò mọ́lẹ̀, a sì mọ̀ pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa di fífọ̀, a máa di kíkùn, a sì máa wá ẹni tí yóò rà á ní ọ̀nà jíjìn. Omi tí ó wọ inú ọkọ̀ lásán lè jẹ́ ìyà kékeré. Èyí tí ó wọ inú bátìrì háíbírídì, ikú bátìrì ni. Nítorí náà ẹ fi nọ́ńbà ara ọkọ̀ náà wádìí ìtàn rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ mú ẹni tí ó ní sikánà lọ́wọ́, kì í ṣe èyí tí ń ka àṣìṣe ẹ́ńjìnnì nìkan, bí kò ṣe èyí tí ó lè fi agbára bátìrì náà hàn ní abala-abala, kí ó sì wò ó lẹ́yìn tí ẹ bá ti wa ọkọ̀ náà gun òkè, nítorí pé bátìrì tí ó ti rẹ̀ a máa ṣe bí alágbára nígbà tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan. Bí abala kan bá ń lọ sílẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, àìsàn ti wà níbẹ̀. Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú, nítorí kátálíìsì ara páìpù èéfín Prius ní irin olówó iyebíye bíi palladium àti rhodium nínú, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olè Lọ́ńdọ̀nù fi ń gé e lọ lóru. Àwọn kan ń rà á kiri ní ilẹ̀ wa níhìn-ín náà.

Ọ̀tá tí ó burú jù fún ọkọ̀ yìí ní agbègbè wa ni eruku. Bátìrì ńlá náà a máa gbóná bí ó ti ń gba iná wọlé tí ó sì ń tú u jáde, fáànù kékeré kan ni ó sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Inú ọkọ̀ gan-an, níbi tí èrò jókòó sí, ni fáànù náà ti ń fa atẹ́gùn yìí. Lára Prius, ihò tí ó ń gbà fà á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì wa ọkọ̀ náà títí láìmọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ wá wo bí a ti ń lo ọkọ̀ ní Òkè-Ògùn: a ó to àpò ẹ̀lùbọ́ sórí ìjókòó ẹ̀yìn, a ó ki ọ̀kan bọ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, a ó sì lé ọkọ̀ sọ́nà. Àpò ti dí ihò náà. Ní gbogbo ìgbà tí táyà bá sì bọ́ sínú kòtò ni ìyẹ̀fun lẹ́búlẹ́bú ń yọ lójú okùn tí a fi rán àpò, tí fáànù ń fà á wọlé pọ̀ mọ́ eruku pupa tí ó gba fèrèsé wọlé. Ẹ ní kí mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́ tú irú fáànù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún yín lẹ́yìn ọyẹ́ kan ṣoṣo: ẹ ó rí i pé eruku, irun orí àti òwú aṣọ ti dì mọ́ àwọn abẹ rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí àyè fi tán láàárín ọ̀kan sí èkejì. Yóò ṣì máa yí, yóò tilẹ̀ máa pariwo, ṣùgbọ́n atẹ́gùn kò dé ọ̀dọ̀ bátìrì mọ́, ooru náà ni yóò sì máa jẹ ọjọ́ ayé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí a máa gbá ẹnu ihò yìí pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn; kí a tú fáànù náà nù lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà tí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀; kí a má sì ṣe da omi sí i. Ẹ̀lùbọ́, inú ọkọ̀ akẹ́rù ni ipò rẹ̀.

Fífà tí fáànù náà ń fa atẹ́gùn inú ọkọ̀ ni ó jẹ́ kí n máa sọ pé éésì inú ọkọ̀ háíbírídì kì í ṣe fàájì. Atẹ́gùn tí ó tù yín lára náà ni ó ń tu bátìrì lára. Bí ẹ bá pa éésì nítorí kí epo má baà tán, tí ẹ sì ṣí fèrèsé ní ọ̀sán gangan oṣù kejì, ooru àti eruku ni ẹ ń bọ́ ọ. Éésì náà ní èèwọ̀ tirẹ̀. Iná bátìrì ńlá ni ó ń yí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀, epo tí ó wà nínú rẹ̀ kì í sì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń fi sí ti ọkọ̀ lásán. Bí oníṣẹ́ éésì bá fi ti ọkọ̀ lásán sí i, ó lè jẹ́ kí iná máa jò sára irin. Bákan náà ni omi tí ń mú ẹ̀rọ iná tutù: ó ní agolo tirẹ̀ lọ́tọ̀ sí ti ẹ́ńjìnnì, omi kànga kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ láéláé.

Bátìrì kékeré kan tún wà, fóòtì 12, tí ó fara pamọ́ sínú búùtù Prius. Òun ni ó ń jí àwọn kọ̀ǹpútà. Bí ó bá kú, ọkọ̀ kò ní dáhùn, gbogbo iná àìsàn lè tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, búùtù gan-an lè má ṣí nítorí pé iná ni ó ń ṣí i, awakọ̀ a sì gbà pé ó ti parí. Ibẹ̀ ni ẹni tí kò mọṣẹ́ yóò ti ní kí ẹ lọ wá owó bátìrì ńlá. Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n wọn ti kékeré wò. Bí ẹ óò bá sì gba iná lára ọkọ̀ ẹlòmíràn, ẹ ṣọ́ wáyà pupa àti dúdú dáadáa, nítorí bí wọ́n bá yípo padà, ohun tí yóò jóná lówó lórí ju bátìrì lọ.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì àti rewáyà wa, ọmọ Ògún Lákáayé, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ tí ó kàn yìí. Wáyà aláwọ̀ ọsàn tí ó gba abẹ́ ọkọ̀ náà kọjá kì í ṣe wáyà tí a ń fi ẹnu bó. Iná mànàmáná tí ń wọ ilé wa kò ju fóòtì 240 lọ; lára Prius ọdún 2004 ẹ̀rọ kan wà tí ń gbé ti bátìrì náà dé 500, kì í sì í ké kí ó tó pani. Ẹni tí yóò bá ṣí ibẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí a dìídì ṣe fún iná, kí ó yọ púlọ́ọ̀gì ààbò, kí ó sì dúró fún ìṣẹ́jú 10 kí agbára tí ó kù nínú ẹ̀rọ tó rọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nítorí pé ẹ́ńjìnnì lè dákẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà láàyè, ẹ má gbára lé etí: bí READY bá ṣì ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ́ńjìnnì lè sọ lójijì nígbà tí ọwọ́ yín wà nínú rẹ̀.

Àwọn ìwà kan tún wà tí a kó wá láti ara ọkọ̀ àtijọ́ tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀. Bí epo bá tán lọ́nà, ẹ má ṣe máa fi iná bátìrì wọ́ ọkọ̀ náà dé ilé-epo, nítorí bátìrì tí a fà gbẹ tán kò ṣe é gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń fi iná sí bátìrì. Bí ó bá kọṣẹ́, ẹ má ṣe fi okùn fà á láti Ìjìó lọ sí Ìṣẹ́yìn pẹ̀lú táyà iwájú nílẹ̀, nítorí pé bí táyà yẹn bá ti ń yí ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń pèsè iná. Ẹ gbé e sórí ọkọ̀ mìíràn. Bí ẹ bá sì ń rìnrìn àjò gígùn, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí yóò máa wà á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí bátìrì má baà sùn dé ojú ikú.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ owó. Àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹni tí ó bá rí i pé epo tí òun ń rà lóṣù ti dín, kí ó mú ìdámẹ́ta owó tí ó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́, kí ó fi dá àjọ, kí ó sì pe àjọ náà ní ti bátìrì, láìfi ṣe ìnáwó òkú tàbí ti ìkómọ. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, yóò lè yan bátìrì tí ó dára dípò kí ó jẹ́ kí wọ́n máa pààrọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún un. Ẹyọ kan tí a pààrọ̀ láàárín mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí ó ti gbó kì í sábà pẹ́ kí òmíràn tó tẹ̀lé e. Bí ó bá sì jẹ́ bátìrì àlòkù tí à ń pè ní Béljíọ́ọ̀mù ni ẹ fẹ́ rà ní Àràrọ̀mí, nítòsí Géètì n'Ìbàdàn, tàbí ní Ládípọ̀ l'Ékòó, ẹ ní kí wọ́n fi sikánà wọ̀n ọ́n lójú yín.

Èmi ì bá sì fẹ́ kí àwọn ọlọ́kọ̀ Ìjìó, Ìgànná àti Ìwéré-Ilé pawọ́ pọ̀ ra sikánà kan tí ó dára, kí wọ́n sì rán ọ̀dọ́mọdé mẹkáníìkì kan lọ kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n n'Ìbàdàn, kí ó padà wá jókòó sáàárín wa. Kí ó jẹ́ ẹni tí ń kàwé, tí kò sì kánjú. Nítorí bí sikánà bá kọ P0A80 jáde, èyí tí ń sọ pé bátìrì ńlá ti ṣàìsàn, oníkánjú yóò ní kí ẹ lọ ra tuntun lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ó lè jẹ́ pé fáànù ni eruku dí, tàbí pé irin pẹlẹbẹ tí ó so àwọn ẹyọ náà pọ̀ ni ó dípẹtà. Ẹ ní kí ó kọ́kọ́ ṣí ibẹ̀ wò kí ẹ tó fọwọ́ kan owó àjọ.