Amọ̀kòkò Ló Mọ Obìnrin Idẹ Yẹn

Yorùbá ń mọ ilé, Yorùbá sì ń mọ ìkòkò. Igi àti òkúta ni wọ́n ń gbẹ́. Ẹni tó bá fi í sọ́kàn pé ọ̀rọ̀ kan náà, mọ, ló wà fún ilé àti ìkòkò kò ní pẹ́ lóye ère Brick House tí Simone Leigh, oníṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní New York lóṣù kẹfà ọdún 2019.

Obìnrin ni ère náà, ó sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 16. Orí High Line ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí, ojú irin àtijọ́ tí wọ́n sọ di ọgbà ìgbafẹ́. Ọkọ̀ ń kọjá nísàlẹ̀ rẹ̀ nígbà náà, ilé onígíláàsì gàgàrà sì yí i ká. Irun dídì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀, owó ẹyọ sì wà lẹ́nu ìdì kọ̀ọ̀kan. Imú wà, ètè wà, ṣùgbọ́n kò ní ẹyin ojú. Ibẹ̀ dán bọ̀rọ́. Láti èjìká lọ sísàlẹ̀, kì í ṣe ara mọ́. Ilé ni, ó rí roboto bí ìkòkò tí wọ́n da ẹnu rẹ̀ dé.

Ibi tí ilé yẹn ti wá kò fara sin. Leigh wo ilé alámọ̀ àwọn Mousgoum ní Kamẹrúùnù, ó wo ti àwọn Batammaliba ní àríwá Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, àwọn tí orúkọ wọn gan-an ń sọ pé amọlé ni wọ́n. Ó tún wo ohun kan tó korò: ilé oúnjẹ kan ní Natchez, ní ìpínlẹ̀ Mississippi, tí wọ́n kọ́ bí obìnrin aláwọ̀ dúdú, tí oníbàárà ń gba abẹ́ yẹ̀rì rẹ̀ wọlé lọ jẹun. Leigh kò ṣí ilẹ̀kùn kankan sára tirẹ̀. Níbẹ̀ gan-an ni agbára ère yìí wà. Kò sẹ́ni tó lè wọ inú obìnrin yìí, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni kó tó dúró.

Àwọn kan á ní idẹ ni, kí wọ́n má pè é ní iṣẹ́ amọ̀kòkò. Ọ̀rọ̀ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní Philadelphia, amọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ ọ́n tó bó ṣe tóbi gan-an, kí wọ́n tó dà á ní idẹ. Kí ẹni tí kò bá gbà rántí Ifẹ̀. Àwọn tó da orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1938, amọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fi ìda bo amọ̀ náà, wọ́n á ya ojú àti ètè sára ìda, wọ́n á tún fi amọ̀ mìíràn bò ó. Iná á yọ́ ìda dànù, idẹ gbígbóná á sì gba ipò rẹ̀. Idẹ kì í rí ojú tí amọ̀ kò bá kọ́kọ́ rí i.

Ìdí tọ́rọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì ni pé ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń ka amọ̀ sí iṣẹ́ ọwọ́ lásán, tí wọn kò kà á mọ́ iṣẹ́ ọnà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Leigh, tí wọ́n bí ní Chicago lọ́dún 1967, fi mọ amọ̀ kí ayé tó yíjú sí i. Lọ́dún 2022 ni Brick House dé àfihàn iṣẹ́ ọnà Biennale ní Venice, tó sì gba ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà fún un.

Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa: ní Dada, ní Òkèlele nílùú Ìlọrin, àwọn obìnrin ṣì ń mọ ìkòkò títí dòní. Ọwọ́ wọn mọ bó ṣe yẹ kí ògiri amọ̀ nípọn tó, ó mọ ìgbà tó gbẹ tó láti wọ iná. Tí ìjọba ìpínlẹ̀ kan bá tún fẹ́ gbé ère sí oríta, kó ránṣẹ́ sí wọn. Kí wọ́n jókòó níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán ère náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí owó wọn má sì dín ní kọ́bọ̀ sí ti agbẹ́gilére.