Ojú Ihò Ọta Kì í Sọ Bí Ọgbẹ́ Ṣe Jìn Tó

Àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Òwe yìí bá ara ẹni tí ìbọn bà mu gan-an.

Ní Modákẹ́kẹ́, ọ̀rọ̀ ìbọn kì í ṣe ìtàn àtijọ́ lásán. Ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ti wáyé lọ́pọ̀ ìgbà láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ láti 1997 sí 2000, tí ọ̀rọ̀ ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ dá sílẹ̀, fi àpá sára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó yẹ kí a mọ ohun tí ọta ń ṣe nínú ẹran ara.

Báwo ni àwọn onímọ̀ ṣe ń mọ̀ ọ́n láìyìnbọn fún ènìyàn? Gelatin ni wọ́n ń lò, èyí tí a ń rí láti inú awọ àti egungun ẹran. Ẹ rántí bí omi ẹsẹ̀ màlúù ṣe máa ń dì bí ó bá tutù. Dókítà Martin Fackler, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ogun Amẹ́ríkà, fi ìwọ̀n gelatin 1 sí omi 9 ṣe ìdánwò ní àwọn ọdún 1980. Lóde òní, bí wọ́n bá ti yìnbọn sí i tán, wọ́n lè fi ẹ̀rọ CT ya àwòrán ọ̀nà tí ọta gbà. Ojú ihò lè kéré, kí ọta sì yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú lọ́hùn-ún, kí ó ba ibi tí ó gbòòrò jẹ́. Ṣùgbọ́n gelatin kò ní egungun tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà àwòrán ara ẹni tí ó fara gbọgbẹ́ kò ṣeé fi sílẹ̀, pàápàá bí ó bá jẹ́ ṣakabùlà tí ń tu ọ̀pọ̀ ọta lẹ́ẹ̀kan.

Èrò mi ni pé èdè wa gbọ́dọ̀ gbé ìmọ̀ yìí dé ojúde. Ẹni tí ó rí ihò kékeré tí ó ní "kò jìn," tí ó fi ewé dí i nílé, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú rẹ̀ láìhàn. Òfin àpapọ̀ ọdún 2017 sì ti pàṣẹ pé kí ilé-ìwòsàn tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí. Mélòó nínú àwọn ará ilé wa ni ó gbọ́ ọ ní Yorùbá?

Èdè tí ó ní ayẹta àti òkígbẹ́ kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ tí a ó fi ṣàlàyé ọgbẹ́ ìbọn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ ọ́, ẹ kà á fún àwọn òbí yín. Kí ìbọn má tún dún láàrin Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ mọ́. Àṣẹ.