Ta Ló Máa Kọ Ìtàn Ọkọ̀ Ojú Irin Tó Ń Kó Ìgbẹ́?

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, àwọn kan máa yínmú sí i, nítorí ó ní òórùn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó ṣí i lọ síbi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù sí.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò l'Ékòó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, tó ń gba orí ọ̀sà wọ Marina, inú gbogbo wa dùn. Mo gbọ́ tí àwọn ọmọ wa ń sọ ọ́ ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ pé látijọ́ tí aláyé ti dáyé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọkọ̀ ojú irin máa dé Erékùṣù Èkó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1902, nígbà tí afárá Carter ṣì jẹ́ tuntun, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ti ń gorí afárá náà láti Ìddó wọ inú Èkó. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Rélùwéè ńlá tí wọ́n ṣe láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1901, Ìddó ló ń bẹ̀rẹ̀ sí, tó sì ń parí sí. Ẹni tó bá fẹ́ dé Erékùṣù, àfi kó wá nǹkan míì gùn. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi tẹ́ irin kékeré sílẹ̀. Ìbú àárín irin méjèèjì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀ péré, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀ ni ti rélùwéè ńlá.

Iṣẹ́ èrò kò pẹ́ lórí irin yìí. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914, wọ́n ti dá a dúró. Iṣẹ́ tó gbé ọkọ̀ náà dé 1933 kó tó kógbá sílé pátápátá ni èyí tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ dárúkọ nídìí oúnjẹ: ìgbẹ́ ni wọ́n ń fi kó. Àwọn òyìnbó fún un ní orúkọ tó mọ́, wọ́n ní tíráàmù ìmọ́tótó ni.

Ẹ jẹ́ ká rántí bí Èkó ṣe rí nígbà náà. Ilé ń fara kan ilé, omi ẹ̀rọ kò sí, kò sí páìpù abẹ́ ilẹ̀ tó ń gbé ìdọ̀tí lọ. Bí èèyàn bá gbẹ́ ṣáláńgá jìn díẹ̀, omi ló máa bá. Gómìnà William MacGregor, tó wà lórí oyè láti 1899 sí 1904, dókítà oníṣègùn ni kó tó di gómìnà, ọ̀rọ̀ ibà àti ìmọ́tótó sì jẹ ẹ́ lógún gidigidi. Póò ni wọ́n ń gbé sílé ìgbẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, agbépòó á wá gbé e, á gbé e rù, á sì gba kọ̀rọ̀ jáde. Ọkọ̀ ojú irin yìí ló wá ń gba ẹrù náà lórí wọn, tó ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń dà á sínú ọ̀sà. Ẹ̀yin tí ẹ gbé Èkó nígbà kan mọ̀ pé lẹ́yìn òmìnira pàápàá, agbépòó ṣì ń rìn lóru, ó ń fi aṣọ bojú kí ará ilé ìyàwó rẹ̀ má baà dá a mọ̀. Ọmọ tó bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ìyá ọmọ náà ló ń bẹ̀bẹ̀, nítorí bó bá sọ póò kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ, ó di ẹjọ́ àdúgbò.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. A mọ orúkọ gómìnà, afárá sì ń jẹ́ orúkọ gómìnà kan tó ti jẹ ṣáájú rẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó fi nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kó ìgbẹ́ Èkó sórí irin, ta la lè dárúkọ? Bí wọn kò bá ṣe iṣẹ́ yẹn, àrùn onígbáméjì ni kò bá gba ìlú. Èmi ò rò pé gómìnà kankan ṣe ju tiwọn lọ.

Ohun tó ń jẹ́ kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tètè di ìgbàgbé ni pé kò sí ẹni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kò sí nínú ìwé àkókò ọkọ̀, ìyàwó kankan kò sì fi í dé ilé ọkọ. Bó ṣe rí nílùú ọba náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń sẹ́ omi ìdọ̀tí lọ́hùn-ún ló ní ojú irin tirẹ̀ nínú ọgbà, tí ará ìta kì í rí. Ọ̀kan wà ní Esholt lẹ́bàá Bradford. Ìlú tó ń fọ irun àgùntàn ni Bradford, omi ìdọ̀tí rẹ̀ sì kún fún ọ̀rá débi pé wọ́n ń yọ ọ̀rá náà tà. Ẹ́ńjìnnì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Nellie, tí ilé iṣẹ́ Hudswell Clarke rọ ní Leeds ní 1922, ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ṣé wọ́n jù ú sí àkìtàn? Rárá o. Inú mùsíọ́mù ni wọ́n gbé e sí ní Bradford. Àwọn òyìnbó kan wà tí iṣẹ́ wọn ní ìparí ọ̀sẹ̀ kò ju kí wọ́n máa wá nọ́ńbà irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kiri, kí wọ́n máa bi àwọn arúgbó tó wà á léèrè ọ̀rọ̀. Àwọn kan á ní wèrè ń ṣe wọ́n. Èmi ń jowú wọn ni.

Ẹ̀yin náà lè bi mí pé kí ló kan àwa tí a wà ní Jos nínú ìgbẹ́ Èkó. Ó kàn wá. Ojú irin oní-ẹsẹ̀-bàtà méjì ààbọ̀ kan náà ló gbé ọ̀pọ̀ baba wa dé ibí. Láti Zaria ni wọ́n ti tẹ́ ẹ, tó fi dé Jos àti Bukuru ní nǹkan bí 1914, nítorí tánńganran tí àwọn ará ibí ń pè ní kuza. Bauchi Light Railway ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí rélùwéè ńlá gba Kafanchan dé Jos ní 1927, ó gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò kú títí di 1957. Ẹni tó bá ti wọ ọgbà mùsíọ́mù wa nílùú yìí ti rí ẹ́ńjìnnì kékeré tó ṣẹ́kù níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa ń dúró tì í ya fọ́tò ìgbéyàwó, wọn ò sì mọ̀ pé bóyá baba ńlá wọn wà lára àwọn tó ń kóyán sí i.

Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1957 ti ń súnmọ́ àádọ́rùn-ún báyìí. Mélòó ló kù nínú wọn? Ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a sin bàbá kan ládùúgbò wa tí baba rẹ̀ ṣiṣẹ́ lójú irin yẹn. Àpótí páànù kan wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ tó kún fún ìwé owó oṣù, lẹ́tà àti fọ́tò. Kó tó di ọjọ́ kẹjọ, àwọn ọmọ ti kó o fún ẹlẹ́pà pé kó fi pọ́n ẹ̀pà. Mo mọ ìdílé míì, mi ò ní dárúkọ wọn, tó jẹ́ agbépòó ni baba ńlá wọn ní Sabon Gari láyé òyìnbó. Iṣẹ́ yẹn ló fi rán ọmọ mẹ́ta níwèé. Lónìí, nínú ìwé ètò ìsìnkú wọn, "òṣìṣẹ́ ìjọba" ni wọ́n kọ. Wọn ò purọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọkùnrin náà pamọ́.

Bí wọ́n bá bi ọmọ wa níléèwé pé ìgbà wo làwọn èèyàn yín dé ibí àti pé kí ni wọ́n wá ṣe, kí ni yóò sọ? Kì í ṣe pé a fẹ́ fi bá ẹnikẹ́ni du ilẹ̀ o. Onílẹ̀ ló nilẹ̀, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìlú tí èèyàn bá gbé irin rẹ̀, tó bá gbé ìgbẹ́ rẹ̀, ó yẹ kí ọmọ rẹ̀ lè ka ọdún àti iṣẹ́ náà láìwo bàtà.

Ìwé tí a lè gbé wò kò ṣàìsí. Francis Jaekel kọ ìtàn rélùwéè Nàìjíríà ní ìdìpọ̀ mẹ́ta, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1997, ilé kan tí wọ́n fi sọrí rẹ̀ sì wà ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta. Ilé àkójọ ìwé ìjọba wà ní Ìbàdàn, ó wà ní Kaduna. Ọmọ wa tó bá ń wá àkòrí tí yóò kọ ní yunifásítì, kó yé kọ ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ̀rún èèyàn ti kọ. Àwọn tó kù, fóònù ọwọ́ wọn ń gba ohùn sílẹ̀, kí wọ́n lọ jókòó ti àwọn bàbá àti ìyá kó tó pẹ́ jù. Kí wọ́n bi wọ́n ní ohun kéékèèké: èló ni owó oṣù, ta ni ọ̀gá, níbo ni wọ́n ń da póò sí.

Mo ti bá akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀. Níbi ìpàdé wa tó ń bọ̀, tábìlì kan máa wà lẹ́nu ọ̀nà fún ẹni tó bá ní ìwé tàbí fọ́tò àtijọ́ láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ rélùwéè, òṣìṣẹ́ kuza tàbí agbépòó. A ó ya fọ́tò rẹ̀ lójú ẹni tó mú un wá, a ó sì dá a padà fún un lójú ẹsẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ nu eruku rẹ̀ kúrò.